Òórùn Tùràrí Nílé Bàbá Òyìnbó

Ilé bàbá òyìnbó yẹn máa ń rùn bí ìwé àtijọ́ tí òjò ti pa rí tó sì tún gbẹ. Fúláàtì ni, ní Royal Arsenal Riverside ní Lọ́ńdọ̀nù, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò. Èmi ni mò ń tọ́jú bàbá náà lọ́sàn-án. Ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, nítorí náà mo máa ń kàwé fún un lẹ́yìn oúnjẹ. Ọjọ́ Ìsinmi ni iṣẹ́ yẹn máa ń rọ̀ mí lọ́rùn jù, torí láti ṣọ́ọ̀ṣì wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Harrow Manorway ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ tààrà, sùtánà mi nínú báàgì, ara mi ṣì fúyẹ́ látinú ìsìn.

Ìwé kan ṣoṣo ni bàbá fẹ́ràn. Òyìnbó kan ló kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ń jọba lé àwọn ará Ìlà Oòrùn lórí, baba tó bí bàbá yẹn ló sì fi í sílẹ̀ fún un. Ìwé náà ní ará Ìlà Oòrùn kì í sọ òótọ́ tí irọ́ bá ti wà nítòsí. Pé ẹ̀rín ni wọ́n fi ń bo inú wọn. Pé bí òyìnbó ò bá dúró tì wọ́n, oorun ni wọ́n á máa sùn. N óò jẹ́wọ́ fún ọ: mo gbádùn rẹ̀. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí lára àwa aláwọ̀ dúdú tá a bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀, tá a ti ń retí ibi tí wọ́n á ti bú wa. Mo ṣí eléyìí, kò kàn wá. Ẹlòmíì ni wọ́n ń nà, èmi ń wòran.

Obìnrin ará Nepal kan, ní Ìlà Oòrùn yẹn náà, ló ń ṣe iṣẹ́ àárọ̀ níbẹ̀. Didi ló ń pè mí, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n lóbìnrin nílé wọn. Á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, á rẹ́rìn-ín, á fi tíì tó fi atalẹ̀ sè sílẹ̀ fún mi nínú fúláàsì. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ka ìwé yẹn sí i, bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀rín yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mò ń mu tíì, mo sì ń ṣọ́ ẹni tó sè é.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ọmọbìnrin bàbá wá kí i láti ọ̀nà jíjìn, ó sì gbóòórùn tùràrí nínú ilé. Ẹ̀rọ atẹ́gùn ọ́síjìn ni bàbá fi ń mí, iná ò gbọ́dọ̀ dé ìtòsí rẹ̀. Máníjà wa, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, pè mí lórí fóònù.

"Auntie, ṣé o ti notice pé someone ń burn incense níbẹ̀? Family ti complain gan-an."

"Ta ni ìbá tún jẹ́?" ni mo wí. "Àwọn ará Nepal yẹn máa ń sun nǹkan fún òrìṣà wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n máa ń rín, o ò lè mọ inú wọn."

"Are you sure, Auntie?"

"Ó dá mi lójú."

Ó dá mi lójú, èmi tí mi ò rí i kó ṣáná rí. Wọ́n ní kí obìnrin náà lọ jókòó sílé. Iṣẹ́ yẹn ni ìwé ìgbélùú rẹ̀ rọ̀ mọ́. Bí ó bá bọ́, òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ á palẹ̀ mọ́ kúrò nílùú ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mò ń sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì lẹ́yìn náà, a kan ojú ìwé kan. Òǹkọ̀wé náà wọ ilé àdúrà wọn, ó sì bá àwọn èèyàn láìwọ bàtà, nínú aṣọ funfun, tí wọ́n forí kanlẹ̀ nínú èéfín tùràrí. Obìnrin kan ń gbọ̀n, ó ń ríran. Òǹkọ̀wé ní ọmọdé ni irú wọn, ẹ̀rù ló ń darí wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó bi mí bóyá mo ti rí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ rí.

Nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú, èmi gan-an ni mo wà lórí eékún láìwọ bàtà, tí èéfín tùràrí bo orí mi. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé nígbà tí mo wọlé lọ́sàn-án yẹn, ẹni tó gba iṣẹ́ obìnrin ará Nepal yẹn ṣe ṣì ń ráhùn òórùn tùràrí, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ò tẹ ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo dìde, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo máa ń gbé báàgì mi sí, mo ti imú bọ àárín àwọn kóòtù bàbá tó wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló ń ta sánsán bíi pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Láti kékeré ni òórùn yẹn ti mọ́ mi lára, imú mi ò kà á sí òórùn mọ́. Ojú tì mí gidigidi.

Mo pe máníjà. "Èmi ni. Sùtánà mi ló ń rùn. Ẹ pe obìnrin yẹn padà."

"Auntie, o mọ̀ pé they'll move you?"

"Kí wọ́n move mi."

Wọ́n pè é padà, wọ́n sì gbé mi lọ síbòmíràn. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo pàdé rẹ̀ ní Woolwich Arsenal Station. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ti ìwé yẹn. Ó gbọ́ mi tán, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà, madam. Madam ló pè mí, kò pè mí ní didi. Ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ dé, ó lọ.

Tí wọ́n bá ń sọ lóde òní pé òyìnbó fi ìwé ba àwọn èèyàn wọ̀nyẹn jẹ́, mo máa ń dákẹ́ ni. Ẹni tó kọ ìwé náà ti kú tipẹ́. Ẹnu mi ló fi sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn. Ìwé rẹ̀ ní èèyàn kì í mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀rín wọn. Mo mọ ohun tó wà lẹ́yìn ti obìnrin yẹn ní Woolwich Arsenal.