Ọjọ́ Tí Àáró Kan Bùsàrí

Ẹni tó bá fẹ́ bú ẹ̀gbọ́n mi Bùsàrí, kó kọ́kọ́ lọ kọ igba ebè lójúmọ́, kó tó wá bá èmi Limota sọ̀rọ̀! Ọdún mẹ́sàn-án ló lò ní ilé ìwòsàn àwọn tí orí wọn dàrú, lọ́nà jíjìn. Òun àtàwọn aláìsàn bíi tirẹ̀ ló ń ro oko ibẹ̀. Iṣu tí wọ́n gbìn ni gbogbo ọsibítù ń jẹ, títí kan àwọn nọ́ọ̀sì. Ta ló dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó padà sí Ọ̀kà, ọdún kẹta tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Bàbá wa fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá òkè, ó sì wọ ẹgbẹ́ àáró àdúgbò. Àwọn mẹ́jọ ni wọ́n ń ro oko ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Oko méje ni Bùsàrí bá wọn ro, kò pẹ́ dé rí.

Ó wá kan òun. Mo se ẹ̀bẹ fún ẹni mẹ́jọ, mo gbé e dé oko. Oòrùn ta, a ò rí ẹnì kankan. Ìgbà tó yá ni Abọ́dẹrìn, olórí wọn, gun kẹ̀kẹ́ kọjá, ó ní ìyàwó òun ní kóun má jẹun lóko wèrè. Háà! Mo bú u débi tí ohùn mi há.

“Limota, ó tó,” ni Bùsàrí wí. Ó gbé ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóun nìkan. Inú mi bàjẹ́ gan-an ni.

Mi ò mọ̀ pé ó ti ránṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ náà sáwọn méjì tí wọ́n jọ ro oko ọsibítù: Ọlálẹ́yẹ ará Ìṣùà àti Zachariah ará Ọ̀bà. Àfi bí wọ́n ṣe yọ, tàwọn ti ọkọ́ léjìká. Èèyàn boni lára ju aṣọ lọ, òótọ́ ni.

Ọlálẹ́yẹ wo ilẹ̀ náà yíká. “Bùsàrí, ta ló ni oko yìí?”

“Èmi ni.”

“Ìwọ gan-an?”

“Èmi gan-an.”

Ni Zachariah bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Iṣẹ́ ẹni mẹ́jọ, àwọn mẹ́ta parí ẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n sì jẹ ẹ̀bẹ mi tán pátápátá.

Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo bi Zachariah pé kí ló pa á lẹ́kún lọ́sàn-án.

“Àbúrò wa,” ó ní, “ebè tá a kọ lọ́hùn-ún ò lóǹkà. Òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí ọ̀kan nínú wa sọ pé, ‘Èmi ni mo ni ín.’”