Ọjọ́ Mẹ́rin Tí Epo Rọ̀bì Fi Wà Nílé Wa

Òórùn kẹrosíìnì ni bàbá mi gbọ́ nígbà tó bu omi láti bọ́jú láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, nílé wa ní Ọ̀sì. Ìrì ṣì wà lára ewé kókò ẹ̀bá kànga. Ó tún omi bù, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì rọra gbé garawa sílẹ̀ bí ẹni gbé ẹyin. Bàbá Àìná, aládùúgbò wa, ló sáré pè. Àwọn méjèèjì tẹ orí sínú kànga.

"Epo rọ̀bì ni," ni bàbá mi wí. "Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe àwọn ará etí òkun nìkan ni Ọlọ́run dá?"

Nígbà náà, kò sí ọjọ́ tí rédíò kì í sọ̀rọ̀ epo tí wọ́n rí nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, àdúgbò ti kún àgbàlá wa, wọ́n ń gbóòórùn omi. Bàbá Àìná ní kí bàbá mi má gbàgbé òun tó bá ra mọ́tò. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fi ṣàwàdà. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, ó yẹ kó máa kọ ebè iṣu lóko wa lọ́nà Òkè-Ọ̀pin. Ó fi ọkọ́ kọ́ ara ògiri. Ó ní òun kò ní í kọ ebè sórí ilẹ̀ tí ìjọba ń bọ̀ wá gbẹ́.

"Bàbá Káyọ̀dé, bí epo náà ò bá wá jáde ńkọ́?" ni ìyá mi bi í. "Ṣé òun la ó gún níyán fún àwọn ọmọ?"

"Ìrẹsì la ó máa jẹ."

Èmi Káyọ̀dé, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mọ ibi tí epo náà ti wá.

Nílé wa, inú kànga la ń sọ̀ ẹmu bàbá mi sí, kí ó má baà kan kí bàbá mi tó ti oko dé. A ó rọ ọ́ sínú ìgò ọtí, a ó fi ṣùkù àgbàdo dí i lẹ́nu, a ó so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, a ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Irú ìgò kan náà ni ìyá mi fi ń ra kẹrosíìnì. "Fi ojú gbé nǹkan, má fi ọwọ́ nìkan gbé e," ló máa ń sọ fún mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú náà, kí n tó lọ sílé ìwé, ọwọ́ nìkan ni mo fi gbé ìgò nínú ilé ìdáná tó ṣókùnkùn, mo sì sọ̀ ọ́ sínú kànga. Nígbà tí mo fa okùn lọ́sàn-án, ṣùkù ti yọ, omi ló kún inú ìgò. Mo parọ́ fún ìyá mi pé mo da kẹrosíìnì nù lẹ́yìn ilé. Ó gbá mi létí, ọ̀rọ̀ parí. Bàbá mi mu ẹmu tó ti kan, ó sì bú adẹ́mu.

Ní ọjọ́ kẹrin, bàbá mi lọ mú ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ ìjọba kan wá, tó ń wá ibi tí wọn yóò gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ sí fún ìlú. Ó gbé àpótí àti bátìrì kalẹ̀, ó gbá èèkàn irin mọ́lẹ̀ ní ìlà kan, ó sì fi wáyà so wọ́n pọ̀. Ó ní òun ń rán iná sínú ilẹ̀ ni; òkúta kì í jẹ́ kó kọjá, ibi tó lómi a máa gbà á. Ó ń sún èèkàn, ó ń wo abẹ́rẹ́ inú àpótí, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

"Bàbá, ẹ má bínú," ló wí níkẹyìn. "Òkúta líle ló wà níbí, kò sì jìn. Epo rọ̀bì kì í gbé inú irú èyí."

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé àpótí rẹ ní imú ni?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Àìná ní kí wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ, pé kò fẹ́ ká là ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ká wáyà rẹ̀. Mo rí i pé bí ó bá lọ báyìí, a kò ní í gbin iṣu lọ́dún náà. Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kẹrosíìnì màmá ni. Èmi ni mo sọ̀ ọ́ sínú kànga. Mo rò pé ẹmu yín ni."

Bàbá mi kò nà mí. "Ọjọ́ wo lo ti mọ̀?" ló bi mí. Mo ní láti ọjọ́ kìn-ín-ní. "O sì ń wò mí," ló wí, ó wọlé. Ní ọjọ́ Ajé, ó gbé ọkọ́, èmi náà tẹ̀ lé e. Iṣu ọdún náà kéré, ṣùgbọ́n a jẹ ẹ́.

Mo lọ sí yunifásítì, mo kọ́ nípa òkúta, mo sì fi ọjọ́ ayé mi wá epo rọ̀bì. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ẹ̀tù là ń yìn nínú ihò, a ó ri àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tó ń fetí sílẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ohun tí wọ́n gbọ́ yóò sì jáde bí ìlà wúruwùru lórí bébà gígùn. Lónìí, kọ̀ǹpútà ń ya inú ilẹ̀ bí ilé tí a ṣí òrùlé rẹ̀. Ó máa ń ṣe mí bíi pé mo tètè wá sáyé.

Ní ọdún kan, nínú àbàtà kan, èmi ni mo kọ ibi tí a ri àwọn ẹ̀rọ náà sí sínú ìwé. Lẹ́yìn tí a ti kó wọn ni mo rí i pé mo ṣì í kọ. Ọ̀gá wa ti wo àwòrán tí wọ́n fi ohun tí mo kọ yà, ó ti ní epo wà níbẹ̀, inú gbogbo wọn ń dùn. Mo dákẹ́. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà fún oṣù mẹ́ta, wọn kò bá nǹkan kan. Wọ́n ní bí iṣẹ́ epo ṣe rí nìyẹn.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án fi ọjọ́ mẹ́rin kó ìgboyà jọ. Èmi ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí, ẹ̀yin tí ẹ ń kà á yìí sì ni mo kọ́kọ́ ń sọ ọ́ fún.