Orin Tó Mú Àwọn Aládùúrà Kúnlẹ̀ ní Odígbó

Ẹni tó bá gbọ́ ẹgbẹ́ eléré tí mo fẹ́ràn yẹn nínú àwo nìkan kò tíì gbọ́ wọn. Àwo kì í pẹ́ tán: kí o tó jókòó dáadáa, abẹ́rẹ́ ti dé àárín. Ṣùgbọ́n lójúkojú, orin kan ṣoṣo lè gba ìdajì ọ̀sán. Olórí wọn a ta gìtá lọ síbi tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀, oní-àgídìgbo a tẹ̀lé e, wọn a sì jọ wá ọ̀nà ilé. Nítorí wọn ni mo ṣe gun kẹ̀kẹ́ nínú ẹrẹ̀ dé Ondó, dé Àgbábù. Mo lè sọ fún ọ ibi tí wọ́n ti ṣe orin kan dáadáa àti ibi tí wọ́n ti bà á jẹ́, bí o bá sì bá mi jiyàn, inú á bí mi.

Àtúnṣe kẹ̀kẹ́ ni mo ń ṣe ní oríta Òrè nígbà náà. Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo sì fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Odígbó. Òun gbà. Bàbá rẹ̀ ni kò gbà. Alàgbà ilé àdúrà ni Bàbá, ará Ìkálẹ̀ tí kì í rẹ́rìn-ín lásán. Àjèjì ni èmi tí mo ti apá Ọ̀yọ́ wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ń bí i nínú.

"Ẹni tó ń sáré tẹ̀lé onígìtá kiri," ó ní, "ibo ni yóò jókòó sí tí ìyàwó yóò fi rí i?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ wá gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan péré. Bí wọn kò bá wù yín, n ó jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yín."

N kò mọ ohun tó ti ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu mi. Bàbá ní òun ti gbọ́, kí n má sì gbàgbé. Ọmọbìnrin náà kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ní mo fi òun ta tẹ́tẹ́.

Ọ̀sán Sátidé ni eré náà, ní pápá ilé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kọ́. Bàbá dé tòun ti àwọn ará ìjọ rẹ̀, láti ibi àdúrà tààrà, gbogbo wọn nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà. Iwájú pátápátá ni wọ́n jókòó sí.

Orin àkọ́kọ́ kò dára. Kí n má parọ́: eruku ọ̀nà ti wọ gìtá, okùn rẹ̀ kò dọ́gba, olórí sì ń kọrin bí ẹni tí ebi ń pa. Bàbá yíjú wò mí. Òógùn bò mí.

Agogo ló ń bẹ̀rẹ̀ orin kejì. Alágogo lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ko, ko, ko. Ní ilé àdúrà wọn, agogo ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ìkúnlẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dìde àfi bí agogo bá tún dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí n tó ṣẹ́jú, gbogbo aláṣọ funfun ti wà lórí orúnkún nínú iyẹ̀pẹ̀, Bàbá ló ṣáájú. Pápá bú sẹ́rìn-ín. Àwọn náà ti mọ̀ pé àwọn ṣì í, ṣùgbọ́n agogo ti sọ̀rọ̀ ná, Bàbá sì dijú pinpin. Mo sọ nínú ara mi pé ó ti parí, mo ti pàdánù ìyàwó.

Ibí yìí ni kí àwọn tó ń fi ẹgbẹ́ mìíràn wé tiwa ti panu mọ́. Olórí rí àwọn tó kúnlẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó rẹ orin náà sílẹ̀ títí ó fi ku gìtá nìkan, okùn kan lẹ́yìn okùn kan. Ẹ̀rín dákẹ́. Ìyá àgbà kan láàárín àwọn tó kúnlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ ilé àdúrà, tó yára ju ti eléré lọ. Àwọn yòókù gbè é. Oní-àgídìgbo tẹ́tí, ó mi orí, ó fi tirẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ sínú tiwọn. N kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Orin náà ń lọ, ó ń gbóná, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kó tán. Nígbà náà ni mo rí i pé orúnkún Bàbá ń gbọ̀n.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sáré gba ẹ̀yìn wọn, mo sọ sétí alágogo pé kó tún lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè, ṣùgbọ́n ó lù ú: ko, ko, ko.

"Halelúyà!" Gbogbo wọn fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà yẹn gan-an ni gìtá wọlé tagbáratagbára. Omi bọ́ lójú mi. Bàbá ń jó, mo fi ojú mi rí i.

Mo tún gbọ́ orin yẹn lẹ́yìn náà ní Òkìtìpupa. Agogo dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹnikẹ́ni kò kúnlẹ̀, orin náà kàn kọjá lọ ni.

Ní Odígbó lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nígbà tí àwọn eléré ń palẹ̀ ẹrù mọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá. Ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Orin àkọ́kọ́ yẹn kò dáa," ó ní.

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"Okùn gìtá rẹ̀ kò dọ́gba."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló lọ bá alágogo?"

Mo ní èmi ni. "Orúnkún ì bá ti pa mí," ó ní. "Sọ fún àwọn ará ilé rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Ẹgbẹ́ yẹn náà ló ṣeré níbi ìgbéyàwó wa. Bàbá gba agogo lọ́wọ́ alágogo, ó tẹjú mọ́ mi, ó lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo kúnlẹ̀ pẹ̀lú agbádá lọ́rùn. Àgbà náà sì fi mí síbẹ̀ títí orin fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí ó tó tún un lù.