Áísìkiriìmù Onígbín Di Ti Ẹlòmíì

Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Onígbín ò ta ìgbín rí láyé ẹ̀. Áísìkiriìmù ló ń ṣe, àmọ́ inú móòdù tó rí bí ìkarahun ìgbín ló máa ń rọ ọ́ sí. Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi gbẹ́ móòdù àkọ́kọ́. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí fíríísà mẹ́ta ti ń kùn bí àgbà tó sùn lórí àga.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni lẹ́tà dé. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ló kà á fún un.

"Màmá, wọ́n ní ẹ ò gbọdọ̀ ta Onígbín mọ́. Wọ́n ní iléeṣẹ́ ńlá kan ló ni orúkọ ẹ̀ àti ìrísí ẹ̀."

"Ta ló tà á fún wọn?"

Ọmọ tún wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà. "Akọ̀wé ni, Màmá."

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Onígbín. Akọ̀wé! Àbúrò ọkọ ẹ̀ nìyẹn, òun ló sì fún un lórúkọ náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ, torí pé bírò kì í kúrò létí ẹ̀.

Ó wá rántí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n ní kó wá forúkọ ọjà ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ̀rọ tó ń po wàrà ń yí lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, béèyàn bá sì fi í sílẹ̀, gbogbo ẹ̀ á di òkúta. Ló bá ní, "Akọ̀wé, ẹ bá mi lọ, ẹ bá mi fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀." Ó fi ẹran sẹ́nu ajá, ó ní kó bá òun gbé e délé!

Akọ̀wé dé lọ́sàn-án, bàtà tuntun lẹ́sẹ̀.

"Ìyàwó wa, ẹ fara balẹ̀. Wọ́n béèrè ẹni tó ni ín, mo bá kọ orúkọ mi. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n fọwọ́ sí i."

"Ìwọ lo wá tà á? Ìwọ?"

Látọjọ́ tó ti délé ọkọ, kò pè é ní "ìwọ" rí. Àwọn méjèèjì ń wo ara wọn bí ẹni tí wọ́n gbá létí.

Lọ́jọ́ kejì, òun àtọmọ ẹ̀ di ọ̀dọ̀ lọ́yà, ọ̀dọ́bìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Wọ́n fi fọ́tò kan hàn án: ọmọ ẹ̀ lọ́mọ ọdún mẹ́fà, áísìkiriìmù onígbín yọ́ dé ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀, déètì wà lẹ́yìn fọ́tò.

Lọ́yà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń lo orúkọ náà, mo lè gbà á padà fún yín. Ti ìrísí ló le. Ohun tó bá jẹ́ tuntun nìkan ni ìjọba ń kọ sórúkọ èèyàn. Fọ́tò yìí fi hàn pé ó ti wà lójú ayé tipẹ́ kí Akọ̀wé tó débẹ̀, wọ́n á fagi lé tiwọn. Àmọ́ kò ní di tiyín náà. Ẹni tó bá wù á máa ṣe é."

"Èmi tí mo gbẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà, Mà. Ẹ ò bá ti forúkọ ìrísí ẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tà á."

"Ṣé ọjọ́ tí mo ta ẹyọ kan péré ni mo ti sọ ọ́ nù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ìyá Onígbín ti fọ́tò náà sọ́dọ̀ lọ́yà. Ọdún mọ́kànlá, kò sẹ́ni tó sọ fún un!

"Gbé fọ́tò náà kalẹ̀ fún wọn, ọmọ mi," ló sọ fún lọ́yà. "Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbín, kó ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò ní sọ fún mi pé kí n má ṣe tèmi."

Ó dìde. Wàrà tó máa pò ń dúró dè é nílé.