Ìkórè tí Àpólò Bá Wa Ṣe

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Élékò, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, kò sí àìsàn tí a bẹ̀rù tí a sì tún fẹ́ràn bí àpólò. A bẹ̀rù rẹ̀ nítorí pé ojú á pọ́n bí ata, ìpin á sì lẹ ìpéǹpéjú pọ̀ láàárọ̀. A fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé wọn kì í jẹ́ kí alápólò lọ sí ilé ìwé. Gbogbo wa gbà pé bí o bá ti wo alápólò lójú, o ti kó o nìyẹn, nítorí náà ilẹ̀ ni tọmọdé tàgbà ń wò kí ara wọn. Ìyá kan ládùúgbò wolẹ̀ títí ó fi kí ewúrẹ́ wa pé ẹ káàárọ̀.

Ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, ni mo ń gbé. Ẹja ni wọ́n ń yan, ìjọ aláṣọ funfun etí òkun ni a sì ń lọ. Lọ́dún náà, Àǹtí tó ń kọ́ àwa ọmọdé lórin yàn mí láti lé orin ọjọ́ ìkórè ọmọdé. Mo kọ orin náà nídìí ààrò, mo kọ ọ́ lójú odò, títí Màmá Àgbà fi bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí ẹja sinmi.

Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, mo jí, ojú kò là. Mo sunkún gidi. Kì í ṣe ojú ló ń dùn mí, orin mi ni.

Màmá Àgbà kó gbogbo àwa ọmọ alápólò sí àgbàlá wa, wọ́n so màrìwò tútù mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Wọ́n ń fi omi iyọ̀ fọ ojú wa, a ń fi àgbọn jẹ gààrí, ẹja gbígbóná ń ti orí iná bọ̀. À ń díje ẹni tí ojú rẹ̀ pọ́n jù. Ẹni tó bá fọwọ́ ra ojú, ó di ìkúnlẹ̀ nínú yanrìn, ọwọ́ sókè. Èmi ni mo kúnlẹ̀ jù.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ìtàn lùkúlùkú fún wa, àìsàn ikọ́ àti ibà tó jà nígbà tí ìyá tiwọn wà lọ́mọge. Àwọn ará ìlú fi màrìwò dí ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kì í wọ ilé ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti ń rọ̀, ẹnìkan á dúró sí oríta, á lé orin, ilé kọ̀ọ̀kan á sì máa gbè é láti inú lọ́hùn-ún. Ilé tó bá dákẹ́ ni wọ́n á gbé omi àti oúnjẹ lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Màmá Àgbà ní, “Ẹni tí a kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, òun la ó wá lọ.”

Ilé ìyá wọn dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Àwọn tó fetí sílẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n kú síbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, à ń gbọ́ agogo ìjọ lókèèrè, mo sì gbé orí lé orúnkún. Nígbà tó yá, agogo náà ń sún mọ́ wa. Gbogbo ìjọ ló ń bọ̀ nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, wọ́n wá dúró sí òdì kejì màrìwò. Àṣé Màmá Àgbà ti ránṣẹ́ sí wọn.

Àǹtí pè mí láti ìta. “Ó yá, lé e. Ìwọ là ń dúró dè.”

Mo dìde, mo lé e. Àwọn ará ìta gbè é, àwa alápólò náà gbè é. Inú mi dùn débi pé n kò mọ̀ pé ojú ń ta mí. Màmá Àgbà jó títí odindi àtẹ ẹja kan fi jóná.

Nígbà tí kòrónà dé, Abraham Adésànyà Estate ni èmi àti àwọn ọmọ mi wà. Ká má purọ́, a mọ géètì í tì, a mọ ìbòmú ú lò, abẹ́rẹ́ àjẹsára sì dára ju omi iyọ̀ lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo ariwo wa lórí WhatsApp, n kò lè sọ ẹni tó dákẹ́ nínú wa. Mo ti lé orin lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn nínú ìjọ ńlá kan ní Lẹ́kkí Phase 1, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi dáadáa. Níbẹ̀, bí n kò bá wá, ẹlòmíràn á lé e. Ní Élékò, wọ́n gbé ìkórè wá bá mi.