Ojú Tí Màmá Ń Gbé fún Ilé Adìẹ

Ọgbọ̀n ọdún ni Màmá mi fi bá ilé ìfọṣọ kan lọ aṣọ olówó. Orúnkún ló dá wọn padà sílé. Láti ìgbà náà, adìẹ ni wọ́n ń wò nínú fóònù títí oòrùn á fi kúrò lójú fèrèsé. Kámẹ́rà wà nínú ilé adìẹ kan tó jìnnà sí wa. Adìẹ á fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, eruku á rọra dìde nínú ìmọ́lẹ̀, òmíràn á dijú, á tún là á. Tí mo bá jókòó tì wọ́n pẹ́, èmi náà á dà bí ẹni tó ń lálàá lójú ayé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni adìẹ. Iṣẹ́ aṣọ lílọ̀ yẹn ni Màmá fi rán an ní yunifásítì. Nígbà tó fi báńkì sílẹ̀ lọ sin adìẹ, wọ́n ní kó má pe àwọn mọ́. Olóríkunkun náà ò sì pè, ẹni bíni là á jọ. Ó di ọdún méjì. Èmi ni mo wá ṣí kámẹ́rà tó fi ń polówó adìẹ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún wọn nínú fóònù, kí wọ́n lè máa rí i tó bá wọlé fún adìẹ lóúnjẹ láago méje àárọ̀.

Ìmúra wọn ló ń yà mí lẹ́nu. Kí aago méje tó lù, wọ́n á ti wé gèlè, wọ́n á ti kun àtíkè.

"Màmá, ṣé àkùkọ yẹn ló fẹ́ fẹ́ yín ni?"

Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá wọn tí wọ́n ń sunkún.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ń rí mi lójoojúmọ́, kò kí mi rí. Ojú lọ̀rọ̀ wà, mo gbé ojú fún un fún odindi oṣù mẹ́rin. Tí kò bá fẹ́ mi ní ìyá mọ́, kó sọ."

Gbogbo ẹni tí Màmá ti bá sọ̀rọ̀ lójúkojú nínú fóònù rí ló ń rí wọn náà. Ta ló yẹ kó sọ fún wọn pé ti adìẹ yàtọ̀? Èmi ọ̀dẹ̀ yìí ni. Inú ara mi bí mi.

"Màmá, kò rí yín. Kò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń wo òun."

Wọ́n fi etí gèlè nu ojú.

"Bá mi pè é."

Mo fi fóònù tèmi pè é, mo ṣí ohùn rẹ̀ sókè, mo gbé e sí wọn létí. Nínú tiwọn, ó ṣì ń da oúnjẹ sílẹ̀, torí àwòrán máa ń pẹ́ dé. Ohùn ló kọ́kọ́ dé.

"Àbúrò, ṣé kò sí?"

"Èmi ni," Màmá ní. "Ẹ̀wù ẹ ti ya lẹ́yìn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé kò sẹ́ni tó lè bá ẹ rán an ni?"

Ó ní, "Màmá."

Ìgbà yẹn ni àwòrán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé. Ó gbé fóònù sétí. Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó gbójú sókè sí kámẹ́rà, ó ń wá ojú ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀. A ti ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ kí a tó rí i.