Ẹja Ńlá tí Mo Gbé Lọ Ilé Àna Mi

Mọ́mì ni ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ń pè mí láti kékeré. Èmi náà ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà yẹn, ó ń gbayì lẹ́nu ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ń lọ síléèwé. Ó délé ọkọ ní Ọ̀yọ́ tán ni mo gbọ́ ọ lórí fóònù tó ń pe ìyá ọkọ rẹ̀ ní Màámi. Ó gún mi bí ẹ̀gún. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ni ǹ bá sọ? Pé ìyàwó ń bọ̀wọ̀ fún ìyá ọkọ?

Ẹja ṣawá gbígbẹ ni ìyá náà ń tà. Kò kàwé. Èmi tí wọ́n ń pè káàkiri pé kí n wá pàlọ́ fọ́mọ, èmi ni mo wá ń jowú ẹlẹ́ja.

Nígbà tí ọmọ mi lóyún, mo ní àkókò mi dé. A kì í fi ọwọ́ òfo yà wo ọmọ tó lóyún nílé ọkọ, ohun tí ìyá bá sì gbé dání ni wọ́n fi ń mọ irú ilé tó ti wá. Mo lọ sí ọjà Takie. Mo fi ẹja odò sílẹ̀, mo fi kékeré sílẹ̀, mo mú ẹja òkun yíyan kan tó gùn ju apá mi lọ, eyín rẹ̀ yọ síta.

"Ìyá, ẹja tó ń jẹ ẹja nìyí o," ni ẹni tó tà á wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Kí ẹlẹ́ja ṣawá wá rí ẹja.

Nígbà tí mo dé Ọ̀yọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ tú bébà kúrò lára ẹja. Ó wo ọmọ mi, ọmọ mi wò ó, bí àwọn tó jọ mọ nǹkan tí èmi ò mọ̀.

"Ẹ ṣeun, àna mi. Ẹja yìí tóbi. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ò ní jẹ nínú ẹ̀."

"Kí ló ṣe ẹja mi?"

"Ẹ jókòó ná. Ìyàwó mi, ṣé kí n sọ ọ́, àbí ìwọ lo máa sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́, Màámi. Ẹ mọ̀ ọ́n sọ jù mí lọ."

Olùkọ́ báyọ́lọ́jì lọmọ mi, ó sì ń kàwé kún ìwé. Mo mọ̀yẹn. N ò mọ̀ pé ìwádìí lórí àbùùbùtán ló ń ṣe, ẹran gàgàrà inú òkun tó ń fọ́mọ lọ́mú bíi tiwa. Ẹlẹ́ja ló wá là mí lọ́yẹ. Ó ní nǹkan kan ń jẹ́ mẹ́kúrì, ohun dídán bíi fàdákà tó máa ń wà nínú ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ibà láyé àtijọ́. Èéfín èédú àti omi tí wọ́n fi fọ wúrà ń gbé e dé òkun. Ẹja kékeré á jẹ díẹ̀, kò tó nǹkan. Ẹja ńlá á jẹ àìmọye ẹja kékeré, á kó ti gbogbo wọn sára. Àbùùbùtán eléyín á wá jẹ ẹja ńlá.

"Ọdún ń gorí ọdún, ó ń kún un lára. Á wọ kíndìnrín, á wọ ọpọlọ. Bó bá sì lóyún, àna mi, á gba ibi ọmọ kọjá. Ọmọ tí kò tíì tọ́ omi òkun wò, májèlé òkun ti wà lára ẹ̀."

Ó dákẹ́ níbi tó yẹ kéèyàn dákẹ́. Mo mọ ẹni tó mọ ìtàn sọ bí mo bá gbọ́ ọ.

"O ò sọ ọ́ fún mi rí," mo wí fún ọmọ mi.

"Mọ́mì, ẹ kì í jẹ́ kí n sọ̀tàn tán. Tí mo bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ń parí ẹ̀."



"Ẹ má jẹ́ kó dùn yín," ni àna mi wí. "Àwa méjèèjì la máa jẹ ẹja náà. Àbí ẹ ṣì fẹ́ lóyún ni?"

"Ẹ̀yin ni kí n bi."

Ó sè é, ó bu orí ẹja fún mi. Ọmọ mi ń jẹ ṣawá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Mo bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé mẹ́kúrì wà lára àbùùbùtán. Ó wò mí díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀: bí òkú rẹ̀ bá gúnlẹ̀ sí etí òkun, wọ́n á gé díẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rọ̀ ti mí lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bu ẹja sẹ́nu. Nígbà tó dé ibi tó dùn, ìyá ọkọ rẹ̀ bá a parí ọ̀rọ̀. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín, kò bínú.

Mo tún bu ẹja sẹ́nu.